Kíláàsì oúnjẹ Kòríà tí mo lọ ní New Malden: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ jẹ́ n tibi owó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. £45 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan fún kíláàsì kan ṣoṣo, mo sì ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, £135 nìyẹn, a ò tíì ka owó tíréènì láti Peckham mọ́ ọn, a ò tíì ka ike tí mo rà níbẹ̀. Ọkọ mi ní owó yẹn tó ra ewúrẹ́. Ṣé kẹ́ ẹ mọ̀, kò parọ́. Àmọ́ à bá ti jẹ ewúrẹ́ ọ̀hún tán tipẹ́, kimchi tí mo lọ kọ́ (kábéèjì oníyọ̀ alátá tí wọ́n ń jẹ́ kó kan) ṣì wà nínú fíríìjì wa bí mo ṣe ń tẹ èyí, òun náà ló sì ń lọ ṣí i lóru tó bá rò pé mo ti sùn.

Màmá ará Kòríà kan ló ń ṣe kíláàsì yìí nínú kíṣìnì ilé wọn ní New Malden ní London, àárọ̀ Sátidé, ẹni mẹ́fà péré ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní dárúkọ wọn torí wọn ò ní kí n polówó àwọn, àti pé mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò níwájú, kò dáa ká máa fi orúkọ ọlọ́rúkọ ṣeré. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ẹ ní sùúrù, màá sọ ibi tí ìràwọ̀ kan yẹn jábọ́ sí.

Kí n tó mọ ilé wọn, mo ti dá a gbìyànjú nílé, ojú mi sì rí nǹkan. Náìtì ni mo ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, bí mo bá délé láàárọ̀ tí oorun ò tètè wá, fíìmù Kòríà ni mo máa ń tàn sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò ó mọ ohun tí mò ń sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fíìmù wọn tí wọn ò ti ní jẹun, wọ́n á máa fi ìdérí ìkòkò jẹ núdù, wọ́n á gbé nǹkan pupa kan lé ìrẹsì funfun lórí, wọ́n á máa jẹ ẹ́ wọmúwọmú, èmi tó jẹ́ tíì òfìfo ni mo mu á wá máa gbé itọ́ mì. Ni mo bá lọ ra páálí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £25, wọ́n ní gbogbo nǹkan téèyàn nílò láti fi ṣe kimchi ló wà nínú ẹ̀. Irọ́ ni. Ata bíńtín nínú ọ̀rá, omi kan nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, ìwé pélébé kan tí wọ́n ya àwòrán sí, ó tán. Ata yẹn ò tó ìdajì kábéèjì. Ẹ má ra páálí o, ta ni ì báà máa tà á, ẹ gbé owó yín lọ ra ojúlówó ata, màá padà síbẹ̀.

Èmi ọmọ Yorùbá, wọ́n ní ata ò tó, kí ni mo ní nílé? Mo bu ata gígún tí mo rà ní Rye Lane ní Peckham kún un, mo bu iyọ̀ kúnná, kábéèjì róbótó tá a fi ń ṣe kósílọ́ọ̀ ni mo rẹ́ sí i, mo kó gbogbo ẹ̀ kún ìgò dẹ́nu, mo dé e pinpin, mo gbé e sórí máíkíróweéfù nínú oṣù keje. Lọ́jọ́ kẹta tí mo ṣí i, ó dún bí ìbọn, omi pupa fò kan sílíǹgì. Ọkọ mi sáré jáde ní balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú, ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, kí lo pa síbẹ̀?” Mo tọ́ ọ wò. Ahọ́n mi ò padà sípò títí dọjọ́ kejì.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ata tiwọn tí wọ́n ń pè ní gochugaru ò jọ ata gígún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa ni méjèèjì. Wọ́n máa ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú kóró ẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n sì fi ń ṣe kimchi máa ń rí wóóro-wóóro, kì í kúnná. Ó ń ta, àmọ́ ó ládùn díẹ̀ lábẹ́, àwọ̀ ẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ tí tàtàṣé ń ṣe nínú ọbẹ̀ wa ló ń bá wọn ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ rodo. Kábéèjì ńlá kan lè gba odidi ife kan. Ẹ wá da ife kan ata gígún tiwa sínú oúnjẹ kẹ́ ẹ wò ó bóyá áńbúláǹsì ò ní wá gbé yín. Ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ata pupa yìí ò ṣẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, kò ṣẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e kiri ayé lẹ́yìn 1492, àmọ́ lónìí, ẹ lọ sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Seoul pé ata kì í ṣe ti bàbá ẹ̀, ẹ máa gbọ́ èsì yín.

Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún mi ní nọ́ńbà Màmá. Láti Waterloo, tíréènì ò ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ ò tíì dé New Malden, ẹ lọ fojú rí i, àwọn ará Kòríà pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó sá kúrò ní Àríwá Kòríà pàápàá ń gbé níbẹ̀, bí Rye Lane ṣe rí fún wa ni High Street yẹn rí fún wọn, bákẹ́rì tiwọn, onígbàjámọ̀ tiwọn, ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, lẹ́tà tí mi ò lè kà ló sì wà lára bọ́ọ̀dù.

Ẹnu ọ̀nà lẹ máa bọ́ bàtà sí. Nígbà tí Màmá yọjú, orúnkún mi ti ń tẹ̀ lọ kí n tó rántí ibi tí mo wà, àwọn náà tẹrí ba, a wá ń kí ara wa bí ẹni tó ń wá owó nílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ọmọ wọn obìnrin tó ń túmọ̀ fún wa ní ká máa pe ìyá òun ní imo, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lóbìnrin, bí ìgbà téèyàn bá ń sọ pé àǹtí. Mo ní èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bí mi tì wọ́n, Màmá ni mo pè wọ́n láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ń dá mi lóhùn. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n ní “ẹ” àti “o” tiwọn náà, ọ̀nà tí ọmọ yẹn ń gbà bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe ń bá ọmọ tiẹ̀ sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ èdè wọn àmọ́ mo gbọ́ ìyẹn.

Kimchi la fi ọjọ́ kìíní ṣe. Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n ni iyọ̀. Kábéèjì gígùn tí wọ́n ń pè ní baechu ni wọ́n ń lò, èyí táwọn ṣọ́ọ̀bù òyìnbó máa ń kọ Chinese leaf sí lára. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la ìdí ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá fọwọ́ fa ìyókù ya sí méjì kí ewé inú má bàa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Iyọ̀ òkun tó wóro ni, kì í ṣe iyọ̀ kúnná bíi tèmi. Màmá ti kábéèjì bọ omi, wọ́n ń ṣí ewé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí Bíbélì, wọ́n ń wọ́n iyọ̀ sí i, ìdí funfun tó nípọn yẹn ni iyọ̀ ń pọ̀ sí, orí ewé bóyá ló rí nǹkan kan. Ẹ fi sílẹ̀ bíi wákàtí 6 sí 8. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó, ẹ mú ibi funfun yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ bí ẹni fẹ́ ká bẹ́líìtì, bó bá kán pẹ́kẹ́, kò tíì tó, bó bá tẹ̀ tí kò kán, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da ojú ẹ̀ bolẹ̀ kó ro. Ọmọ wọn ò tiẹ̀ ráyè túmọ̀ ìyẹn, Màmá kàn fi ewé kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi ọwọ́ tiwọn mú ọwọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó yé mi.

Ìgbà tó kan ata wá lojú mi là. Wọ́n po ìyẹ̀fun ìrẹsì, irú ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́ yẹn, wọ́n gbé e kaná, wọ́n ń rò ó, ó ń ki, mo ní ẹ dákun, ògì kọ́ nìyí? Ògì ni! Ó kàn jẹ́ ti ìrẹsì. Nígbà tó tutù tán wọ́n da gochugaru sí i, wọ́n ní ká fi sílẹ̀ kí ata mu omi kó wú, àwọ̀ ẹ̀ sì pọ́n dẹ̀dẹ̀ lójú wa. Lẹ́yìn ìyẹn, áyù rẹpẹtẹ, atalẹ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà àti ápù tí wọ́n lọ̀ pọ̀, omi ẹja wẹẹrẹ tí wọ́n ti fiyọ̀ sí tó ti pẹ́, àti saeujeot, ìyẹn edé kéékèèké inú iyọ̀ tí òórùn ẹ̀ á ti kí yín káàbọ̀ kí ìdérí tó ṣí. Wọ́n wá rẹ́ mu sí i tínínrín bí igi ìṣáná (mu ni nǹkan funfun kan bí káróòtì tó sanra), pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé. Ọwọ́ la fi pò ó. Gílọ́ọ̀fù wà lọ́wọ́ o, ẹ má dán an wò láìwọ gílọ́ọ̀fù kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kan ojú.

A wá ń fi ra ewé lára látinú jáde. Òyìnbó kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń kó o lé e bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, Màmá gbá a lọ́wọ́ pẹ́ẹ́, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìdí funfun ló ń gbà á jù. Tá a rà á tán, ewé tó wà níta pátápátá ni wọ́n fi wé gbogbo ẹ̀ mọ́ra, bí ìyá mi ṣe máa ń di ewé eéran mọ́ mọ́ín-mọ́ín. Wọ́n ti se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ewé kimchi tí kò tíì kan wé ẹran náà, wọ́n ní kí n la ẹnu, wọ́n fi sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ọdún mélòó lẹnì kan ti fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu gbẹ̀yìn?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn, tó bá ti di nǹkan bí oṣù kọkànlá tí òtútù ń bọ̀, tẹbí tọ̀rẹ́ á kóra jọ, wọ́n á ṣe èyí tí wọ́n máa fi la òtútù já, kálukú á gbé tiẹ̀ lọ sílé. Kimjang lorúkọ ẹ̀. Ní 2013 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún aráyé, bí wọ́n sì ṣe kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ ni pé ṣíṣe kimchi àti pínpín in. Àbí ẹ ò rí nǹkan, pínpín wà nínú orúkọ. Màmá náà kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan ṣoṣo lọ, ìlàjì méjì ni tẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní ọ̀kan ni tìrẹ, ọ̀kan ni ti ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé. Ẹ ò ní rí ìwé kankan gbà. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé iyọ̀ báyìí, ata báyìí. Ẹ bi Màmá pé ṣé ṣíbí mélòó ni, wọ́n á ní títí tó fi máa tó. Ọmọ wọn ní sonmat ni, adùn ọwọ́ nìyẹn, kálukú pẹ̀lú ọwọ́ tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí mi, ṣebí àwa náà máa ń sọ pé ọwọ́ lágbájá dùn lọ́bẹ̀, àmọ́ èmi tí mo san £45, mo fẹ́ gbé ìwọ̀n délé, ọwọ́ Màmá ò ní bá mi wọ tíréènì. Nígbà tí mo máa lọ lẹ́ẹ̀kejì mo gbé ìwọ̀n kékeré kan dání, bí wọ́n bá ti bu nǹkan sọ́wọ́, màá ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ dà á síbí ná. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ẹ gba èyí lọ́fẹ̀ẹ́: kábéèjì kílò 2, iyọ̀ wóóro gíráàmù 200, gochugaru gíráàmù 100 ó lé díẹ̀, áyù gíráàmù 60. Èyí tó kù, ẹ lo ojú yín.

Ẹjọ́ kejì ni àkókò. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n máa ń sọ, kò lè ṣe kó má di mẹ́rin àbọ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ alẹ́ kó fi sọ́kàn.

Ọjọ́ kejì yẹn, doenjang la fi se ọbẹ̀. Ẹ̀wà sóyà ni, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, wọ́n á mọ ọ́n bí búlọ́ọ̀kù kékeré, wọ́n á so ó rọ̀ títí á fi gbẹ tí funfun á hù sí i lára, wọ́n á wá kó o sínú omi iyọ̀ nínú ìkòkò amọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Omi tí wọ́n bá rọ kúrò lórí ẹ̀ ni sóyà sọ́ọ̀sì wọn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ni doenjang. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀ báyìí, mo ní, “Màmá, a ní irú èyí nílé.” Wọ́n mi orí, bí èèyàn ṣe ń mi orí fọ́mọdé tó ní òun máa fò lọ sójú ọ̀run. Ó dùn mí díẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ lẹ́ẹ̀kẹta mo di ìrú wooro dání, ọ̀rá mẹ́ta ni mo fi wé e, síbẹ̀ bàbá tó jókòó tì mí nínú tíréènì dìde lọ jókòó síbòmíì. Màmá tú u, wọ́n gbé e símú, wọ́n pariwo, “Cheonggukjang!” Wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n pe ọkọ wọn tí mi ò tíì rí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ, bàbá náà jáde tòun ti gíláàsì lójú, wọ́n ń gbóòórùn ìrú wa yí ká tábìlì. Ọmọ wọn wá là á yé mi. Doenjang ló ń pẹ́, àmọ́ wọ́n ní àbúrò ẹ̀ kan tó jẹ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ni, ẹ̀wà sóyà sísè tí wọ́n á bò síbi tó móoru, láyé àtijọ́ koríko ìrẹsì ni wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́, á máa fà yọ̀rọ̀, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ilé, cheonggukjang nìyẹn. Irúgbìn igi igbá la fi ń ṣe ìrú ní tiwa, àmọ́ ohun tínńtín tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, ọ̀kan náà ni, Bacillus subtilis ni wọ́n ń pè é. Màmá da ṣíbí ìrú kan sínú ìkòkò doenjang tó ń hó lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti tofu, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n bu ṣíbí kejì sí i.

Ẹ wá rántí pé ọkọ mi tó ń pariwo òórùn kimchi, ọmọ Ìbàdàn ni o, ewédú tí ò bá nírú nínú kì í jẹ ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni kíláàsì kẹta parí sí, ìràwọ̀ 5 ni ì bá jẹ́. Àmọ́ kimbap àti japchae ló wà lórí ètò lọ́jọ́ náà, ìrú ti gba àkókò (ẹ̀bi mi díẹ̀ wà níbẹ̀, mo gbà), ọmọ wọn wá gba fóònù, ó jáde, kò wọlé fún bí ogójì ìṣẹ́jú, àwa mẹ́fà wá ń wojú Màmá, Màmá ń wojú wa. Japchae, núdù tí wọ́n fi ànàmọ́ ṣe, kánmọ́kánmọ́ ni wọ́n fi hàn wá, mi ò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Kimbap ni mo jàjà mú: ìrẹsì tí wọ́n fi iyọ̀ àti òróró yànmọ̀tí pò nígbà tó ṣì gbóná, ẹ tẹ́ ẹ sórí ewé òkun pẹlẹbẹ, apá tó rí gbágungbàgun lẹ máa kọ sókè, ẹ fi ẹyin, káróòtì àti ẹ̀fọ́ sáàárín, ẹ ká a bí ẹní. Wọn kì í fi fínígà sí ìrẹsì ẹ̀ bíi tàwọn ará Japan, ẹ má pè é ní sushi níwájú wọn tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ara yín.

Ọ̀rọ̀ ọjà. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rà, gochugaru nìkan ni kẹ́ ẹ má fi ṣahun. Nǹkan bíi £8 ni mo ra gíráàmù 500 ní New Malden, inú fírísà ni mo ń tọ́jú ẹ̀ sí kí àwọ̀ ẹ̀ má bàa ṣá. Oríṣi méjì ni, ọ̀kan kúnná, ọ̀kan wóro, èyí tó wóro ni ti kimchi. Ẹ má sì ṣe bíi tèmi tí mo kọ́kọ́ lọ gbé gochujang, orúkọ wọn jọra, àmọ́ gochujang ti pò, ó ń lẹ̀, ó ládùn, ẹ̀wà sóyà àti ìrẹsì wà nínú ẹ̀, ti tteokbokki (ìrẹsì gígún tí wọ́n sè nínú ọbẹ̀ ata) àti bibimbap (ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀fọ́) nìyẹn, ẹ ò lè fi ra kábéèjì. Ike náà ṣe pàtàkì, èyí tó ní ìdérí inú tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má kún un dẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí bí ìdá kan nínú mẹ́rin òkè ṣófo, ẹ fi sílẹ̀ níta fún ọjọ́ kan tàbí méjì ní òtútù ìlú òyìnbó yìí, tó bá ti ń yọ ìfófòó, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó, pẹ̀lú oòrùn yẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ lálẹ́, kò ní pẹ́ kan. Wọ́n ní fíríìjì tí wọ́n ṣe fún kimchi nìkan níbẹ̀, láti 1995 tí wọ́n ti gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Dimchae jáde ló ti wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ pé mo ti ń wo iye ẹ̀.

Ní ti pínpín, Alhaja tó ń gbé lókè wa ni mo kọ́kọ́ gbé kimbap lọ fún. Wọ́n wò ó láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní, “Ìyá Tóbi, ṣé kì í ṣe pé ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀?” Mo ní, “Rárá o, Alhaja, ẹja inú agolo ni, ẹyin ni, ẹ fọkàn balẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì àkàrà gbígbóná ló wà nínú ike tí wọ́n dá padà. Níbi iṣẹ́ ni mo ti ṣàṣìṣe. Mo gbé kimchi lọ, gbogbo wọn ń bù ú, ọmọbìnrin kan ti gbé ṣíbí sókè kí n tó rántí pé ara ẹ̀ kì í gba edé, saeujeot wà nínú nǹkan yẹn! Mo gbá ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí Màmá ṣe gbá òyìnbó ọjọ́sí. Edé àti ẹja wà nínú kimchi o, kì í ṣe ẹ̀fọ́ lásán, ẹ máa sọ fún èèyàn kẹ́ ẹ tó bù fún wọn.

Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde rí i lórí fídíò kọ́ọ̀lù. Wọ́n ní, “Kábéèjì tó ti bà jẹ́ lẹ wá ń jẹ ní London báyìí?” Mo ní, “Kò bà jẹ́, mà, ó kan ni, bí ògì ṣe ń kan.” Wọ́n ní, “Ògì ló ń kan. Ta ló rí ẹ̀fọ́ tó ń kan?” Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọkọ mi. Ọkọ mi gba fóònù, dòdò àti kimchi wà lẹ́nu ẹ̀, kò lè dáhùn.

Dòdò àti kimchi, ẹ dán an wò. Èyí tó bá ti kan jù, ẹ má dà á nù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú òróró gbígbóná, ẹ da ìrẹsì àná lé e, ẹ din ẹyin kan lé e lórí. Àwọn náà kì í da èyí tó ti kan nù, òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ jjigae.

Ṣé màá padà lọ? Màá lọ. Nígbà tí mo ń bọ̀ lọ́jọ́ tá a ṣe kimbap, Màmá gbé doenjang tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe fún mi, nínú ike áísìkíriìmù. Àní ike áísìkíriìmù! Tóbi ọmọ mi ṣí i nínú fíríìjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyá mi ò kọ́ mi láti dá ike olóore padà lófìfo, torí náà mo kó mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́wé mẹ́fà sí i, mo gbé e lọ. Ọmọ wọn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà pé bàbá ti jẹ mẹ́rin, wọ́n ń bi òun bóyá ewé yẹn ṣeé jẹ. Ó ní Màmá ní kí n wá bá wọn ṣe kimjang nínú oṣù kọkànlá, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, kí n ṣáà gbé ìrú dání, kó pọ̀ ju tọjọ́sí lọ. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìrú wooro tí ò ní iyanrìn nínú ní Peckham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Èyí tí mo rà gbẹ̀yìn, àfi bíi pé wọ́n gbọ́n ọn nílẹ̀.